Ṣọ́lé, Ajá Tí Wọ́n Nà Títí Tí Kò Fi Kùn Mọ́

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Alhaja kan pè mí láti Ìjẹ̀bú-Òde. A kíra, a kíra kú ọdún, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè iṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ tó dé ibi tó ń lọ: ajá ilé wọn ti gé ọmọ-ọmọ wọn jẹ lọ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ tí ọdún parí, ọmọ wọn ọkùnrin sì ti ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ra ajá pé kí wọ́n wá mú un lọ. Ẹ mọ ohun tí àwọn yẹn ń fi ajá ṣe. "Aládùúgbò wa kan ló ní kí n kọ́kọ́ pè yín. Wọ́n ní ẹ máa ń bá ajá sọ̀rọ̀." Mo ní, "Ìyá, n kì í bá ajá sọ̀rọ̀ o. Ohun tí ajá ń sọ ni mo máa ń wò, kí n tó wá sọ ọ́ fún onílé."

Ṣágámù ni mo ń gbé. Ìwà ajá ni iṣẹ́ mi: ajá tó ń gé èèyàn jẹ, èyí tó ń sá fún òjìji ara rẹ̀, èyí tó ń gbó láti alẹ́ mọ́jú tí aládùúgbò fi ń mú ẹjọ́ onílé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìdílé yìí ti gbà mí láyè láti kọ ọ̀rọ̀ ajá wọn sílẹ̀. Orúkọ ajá nìkan ni mo máa dá. Ṣọ́lé ni wọ́n ń pè é.

Kí n tó béèrè ohunkóhun nípa Ṣọ́lé, ọmọ ni mo béèrè. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ọwọ́ ọ̀tún ni ajá ti gé e jẹ, eyín sì wọlé níbi mẹ́ta. Epo pupa ni wọ́n kọ́kọ́ fi pa á. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé lọ́wọ́ iwájú ilé wọn, tó ní kí wọ́n nu epo yẹn kúrò, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí wọ́n sì gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Dìgbòlugi kì í ṣe àìsàn tí a ń dúró wò. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń bọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá tètè fọ ọgbẹ́, tí a sì tètè gba abẹ́rẹ́, kì í rọ́nà wọlé.

Lẹ́yìn náà ni mo béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ajá. Òǹtẹ̀ tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ jẹ́ ti ọdún 2021. Mo ní kí wọ́n fún bàbá ọmọ ní fóònù. Ó ti gbaná jẹ. "Ajá tó jẹ ọmọ mi lọ́wọ́, kí ni mo tún ń fi ṣe?" N kò sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ẹranko fún un. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀, ìyẹn kọ́ là ń bá a sọ. Ohun tí mo sọ ni pé ajá tí dìgbòlugi bá wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé èèyàn jẹ, kì í kọjá ọjọ́ mẹ́wàá kí àìsàn náà tó hàn lára rẹ̀ tàbí kó kú. Bí wọ́n bá tì í mọ́ ibì kan, tó ń jẹ, tó ń mu, tí ara rẹ̀ le títí di ọjọ́ kẹwàá, àwọn dókítà ọmọ yóò mọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Kí wọ́n má dá abẹ́rẹ́ ọmọ dúró nítorí ìyẹn o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa ajá lónìí, ẹ̀rí ti wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ nìyẹn. Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọjọ́ mẹ́wàá péré." Mo ní ó tó.

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù náà, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ni mo débẹ̀. Ara ajá le. Ilé náà kò jìnnà sí ààfin Awùjalẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó ní ẹ̀yìnkùlé gbòòrò. Mo ti bẹ̀ wọ́n ṣáájú pé bí mo bá wọlé, kí ẹnikẹ́ni má pe ajá, kí wọ́n má bá a wí. Ó wà lórí ṣéènì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, níwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì sí jẹnẹrétọ̀. Ṣéènì náà kò gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ. Ilẹ̀ tó ń yí po lójoojúmọ́ ti dán bí ojú ọpọ́n, koríko kankan kò hù níbẹ̀. Àdàlù ajá Alsatian àti ajá ìbílẹ̀ ni, akọ, ọmọ ọdún mẹ́rin. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, kílò 24 ni.

Mo gbé àga sí ọ̀nà jíjìn, mo kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, mo ń wo ilẹ̀. Kò gbó. Kò kùn. Ó dúró gbagidi bí ère, ó pa ẹnu dé, ó ń fi funfun ojú wò mí láti ẹ̀gbẹ́, ìrù rẹ̀ há sí abẹ́ ikùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lá imú ara rẹ̀, ó sì yán lẹ́ẹ̀kan. Oorun kọ́ ló ń kùn ún. Ajá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ máa ń yán, ó sì máa ń lá ètè níbi tí kò sí oúnjẹ. Nínú gbogbo ajá tí mo ti bá pàdé, èyí tó ń gbó kì í bà mí lẹ́rù tó èyí tó dákẹ́ báyìí.

Mo ní kí bàbá ọmọ sọ ìtàn ajá náà fún mi láti ọjọ́ tó ti dé ilé. Ìparí ọdún 2019 ló rà á, nígbà tó jẹ́ ọmọ oṣù méjì. Olè ti wọlé wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yẹn, ajá tó rorò ló sì ń wá. Wọ́n sọ fún un pé ajá tí yóò rorò kò gbọ́dọ̀ mọ ojú èèyàn, kí ó tètè so ó mọ́lẹ̀, kí ó máa po ata àti ẹ̀tù mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ó ṣe gbogbo rẹ̀. Mo ń gbọ́ ìmọ̀ràn yìí káàkiri Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ó sì ń dùn mí ní gbogbo ìgbà. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá tí wọ́n bí ajá ló máa ń kọ́ ohun tó jẹ́ ti ilé àti ohun tó jẹ́ ewu. Ọmọ ajá tó bá rí ọmọdé, arúgbó, ọ̀kadà, agboòrùn àti ẹni tó ru ẹrù sórí ní àsìkò yẹn, tí nǹkan kan kò ṣe é, yóò kà wọ́n mọ́ ohun tó wà láyé. Èyí tó bá jẹ́ pé ṣéènì àti ògiri nìkan ló rí, ohunkóhun tó bá yọ lẹ́yìn náà, jìnnìjìnnì ni. Ata kò sọ ajá di akọni. Inú ló ń ta á.

Nígbà tí Ṣọ́lé pé ọmọ ọdún kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ará ilé bá kọjá nígbà tó ń jẹun. Bàbá ọmọ kò fẹ́ ìyẹn. Ó lè kùn sí olè, kò gbọ́dọ̀ kùn sí ọmọ ilé. Ló bá wá pankẹ́rẹ́ kan, ó fi há ẹ̀gbẹ́ géètì. Ìgbàkígbà tí ajá bá kùn, a nà án. "Kò tó oṣù mẹ́fà tó fi jáwọ́," ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ti parí iṣẹ́. "Láti ìgbà yẹn, kò kùn sí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí mọ́."

Ibẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ti yé mi. Ajá kò ní ẹnu tó lè fi sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè. Ara rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Á kọ́kọ́ yíjú sí ẹ̀gbẹ́. Bí a kò bá rí ìyẹn, á lá ètè, á ká ìrù, gbogbo ara rẹ̀ á le. Bí a kò bá tún rí ìyẹn, á wá kùn. Kíkùn ni ohùn tó máa ń ṣáájú eyín, ó sì jẹ́ oore tí ẹranko náà ń ṣe fún wa, nítorí ó lè ṣe kó má kìlọ̀ rárá. Pankẹ́rẹ́ kò mú ohun tó ń bà á lẹ́rù kúrò. Oúnjẹ rẹ̀ ṣì wà níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn ṣì ń sún mọ́ ọn, àyà rẹ̀ ṣì ń já. Ìkìlọ̀ nìkan ni ẹgba pa. Ajá tó kùn tó sì jẹ ẹgba ti kọ́ pé kíkùn ń fa ẹgba. Kò kọ́ pé ọmọdé kò léwu. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá wá ju agbára rẹ̀ lọ, láti inú ìdákẹ́ ni yóò ti bọ́ sórí eyín, tí àwọn ará ilé á máa sọ pé, "Kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀ o, ó kàn ṣàdédé gé e jẹ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni Alhaja sọ fún mi lórí fóònù.

Ẹ wo alẹ́ ọjọ́ náà. Nọ́kàáòtù ti ń dún ládùúgbò láti ìrọ̀lẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ń ké sí i létí. Wàhálà ọdún kò jẹ́ kí wọ́n rántí fún un lóúnjẹ láti àárọ̀, agogo mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n tó gbé èbà àti egungun ẹja síwájú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ọmọ yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Ọmọ bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́. Nọ́kàáòtù kan dún lẹ́yìn ògiri.

Ohun kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nílé yẹn. Mo rí i pé ajá ń gbọn orí, ó sì ń gbé etí òsì dẹ̀. Mo béèrè ẹni tó máa ń bá a já eégbọn. Alhaja ní, "Eégbọn so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nímú, ó ní kí adìẹ wá bá òun já a. Ta ni yóò dán an wò?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó ti lé ní ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni kò ti fọwọ́ kan orí Ṣọ́lé. Dókítà ẹranko tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wá lọ́jọ́ kejì, ó fi oògùn mú un sùn kó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Eégbọn kún ihò etí méjèèjì, èyí òsì ti ń ṣọyún. Lábẹ́ bẹ́líìtì ọrùn, ṣéènì ti jẹ awọ títí ẹran pupa fi yọ.

Nígbà tí Alhaja rí ọrùn yẹn, wọ́n dìde, wọ́n wọlé, a kò rí wọn fún bí ìdajì wákàtí. Nígbà tí wọ́n jáde, ìtàn ọkùnrin kan ni wọ́n ń sọ, tí òùngbẹ gbẹ lójú ọ̀nà, tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga lọ mu omi, tó jáde tó sì rí ajá tó ń lá ilẹ̀ tútù nítorí òùngbẹ, tó tún padà sọ̀ kalẹ̀ láti fi bàtà rẹ̀ bu omi fún un, tí Ọlọ́run sì tìtorí ìyẹn dárí jì í. "Hàdíìsì ni," wọ́n ní. "Ilé kéú ni mo ti mọ̀ ọ́n. Nínú ọgbà mi sì ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀." Wọn kò sunkún, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti yàtọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi wo etí àti ọrùn, a kò sì kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ẹni tí etí ń dùn kì í gbọ́ ẹ̀kọ́. Dókítà tún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ gún. Káfíńtà kan bá wọn fi pákó àti wáyà kan kéèjì gbòòrò sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní òrùlé, ó ní ibòji. Ṣéènì kúrò lọ́rùn. Lálẹ́, bí wọ́n bá ti ti géètì, tí ọmọdé ti wọlé, wọ́n á ṣí i sílẹ̀ kó máa rìn yí ọgbà ká. Bàbá ọmọ ní, "Ajá wo ló ń ṣọ́ ilé láti ẹ̀yìnkùlé?" Mo ní gbígbó ló ń lé olè, kì í ṣe ṣéènì, àti pé láti ọdún mẹ́rin, Ṣọ́lé kò tíì gé olè kankan jẹ. Ó mọ ẹni tó gé jẹ. Ọ̀rọ̀ náà le lẹ́nu mi, mo sì tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n n kò kó o jẹ.

Ó fi fídíò kan hàn mí tó ní kí onílé da ajá dùbúlẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá. Ara àwọn ìkookò ni wọ́n ti mú ẹ̀kọ́ yẹn wá, àwọn tí wọ́n kó jọ sínú ọgbà ẹranko, tí Rudolf Schenkel wò tó sì kọ̀wé nípa wọn ní 1947. Bí ẹ bá kó àlejò tí kò mọra sínú yàrá kan, tí ẹ sì ti ilẹ̀kùn, ìjà ni ẹ máa rí. David Mech ti Amẹ́ríkà, tó wà lára àwọn tó tan èrò náà kálẹ̀ ní 1970, wá lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wo ìkookò nínú igbó fúnra wọn. Bàbá, ìyá àti ọmọ ló bá níbẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé bí ìdílé. Ní 1999 ó kọ ọ́ jáde pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá tó ń fi ipá jọba lórí àwọn yòókù kò bá ohun tí òun rí mu. Ajá pàápàá kì í ṣe ìkookò. Bàbá ọmọ gbọ́ mi jáde, ó pa fóònù dé.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ìró géètì ni a fi ṣáájú, nítorí òun ló máa ń ṣáájú gbogbo àlejò. Ẹnì kan á ṣí géètì, á tún un tì. Bí ó bá ti dún, Alhaja á ju èérún ẹja gbígbẹ kan sínú kéèjì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kò ní kó jókòó, a kò ní kó dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn géètì, ó kan èèyàn: ẹnì kan á yọ ní ìgbésẹ̀ 12, ẹja á bọ́, ẹni náà á padà, ẹja á dáwọ́ dúró. Ìgbésẹ̀ 12 yẹn kì í ṣe àbá. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé ajá ṣì lè jẹun lójú àlejò. Ní ìgbésẹ̀ 10, kò lè jẹun mọ́. Ajá tí ẹ̀rù ti mú kọjá kó jẹ ẹja ti kọjá ibi tí ẹ̀kọ́ ti lè wọ̀ ọ́, a sì gbọ́dọ̀ tún sún sẹ́yìn.

Alhaja ní ìṣòro tiwọn. Wọn kò fẹ́ kí itọ́ ajá kàn wọ́n kí wọ́n tó kírun. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi á fẹ́ kí onílé máa fọwọ́ bọ́ ajá lóúnjẹ. Kò pọn dandan. Wọ́n ya aṣọ kan sọ́tọ̀ fún ọ̀dọ̀ ajá, wọ́n ń fi ṣíbí gígùn ju ẹja, wọ́n á bọ́ aṣọ náà kí wọ́n tó ṣe àlùwàlá. Ẹja náà kò já owó. Èérún ìdí apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń rà lọ́jà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ adìẹ sísè.

Ọmọ náà ni akọ̀wé wa. Mo ti bi í bóyá ó fẹ́ kí ajá kúrò nílé, láìjẹ́ kí bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ronú, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo lọ mú bọ́ọ̀lù." Mo sọ fún un pé kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, àti pé àgbàlagbà ló yẹ kó ti mọ̀ pé abọ́ ajá kì í ṣe ibi tí bọ́ọ̀lù ń yí sí. Ó ní òun á máa kọ̀wé. Láti ojú fèrèsé òkè ló ti ń wò, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ìkọ̀wé ilé-ìwé rẹ̀, mo sì da díẹ̀ kọ síbí bó ṣe kọ ọ́:

"Ọjọ́ Ajé. Géètì 10. Ó jẹ ẹja 10. Ìrù wà nísàlẹ̀."

"Ọjọ́rú. Ìyá oníbúrẹ́dì wá. Ìgbésẹ̀ 11. Ó lá ètè ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo ní kí wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n sì padà."

"Ọjọ́ Ẹtì. Géètì dún, ó wo ojú Màmá àgbà. Kò wo géètì."

Nígbà tí mo ka ti ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo pè wọ́n lórí fóònù láti kí ọmọ náà kú iṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìró géètì ti mú ajá náà retí ohun rere.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn náà ni nǹkan dàrú, ó sì pẹ́ kí n tó mọ ìdí. Ọjọ́ 11 oṣù kẹta ni àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àsìkò sààrì ni Alhaja wá ń lò fún iṣẹ́ náà, nítorí àdúgbò dákẹ́. Ṣùgbọ́n Ṣọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹja sílẹ̀. Wọ́n á jù ú, á wò ó, á sá lọ sí igun kéèjì. Mo wá sùn sílé wọn lọ́jọ́ kan kí n lè fojú rí i. Ohun tí mo rí ni pé àánú ti mú Alhaja yí nǹkan po. Kí wọ́n tó ní kí ọmọ-ọ̀dọ̀ ṣí géètì, wọ́n á kọ́kọ́ ju ẹja, kí ọkàn ajá lè balẹ̀ ṣáájú ìró. Ẹja bọ́, géètì dún. Ajá sì ti ṣírò rẹ̀: bí ẹja bá ti dé, nǹkan burúkú ń bọ̀. Ẹja wá di ìkìlọ̀.

Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ikùn, ló fi ajá ṣàwárí ètò yìí: ohun tó bá ṣáájú ló ń gba ìtumọ̀ ohun tó tẹ̀ lé e. Mo sọ ọ́ fún Alhaja lọ́nà tiwa. Mo ní bí ẹnì kan bá ń bu búrẹ́dì fún yín ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ wá yá owó, kò ní pẹ́ tí búrẹ́dì rẹ̀ á fi máa já yín láyà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti yé àwọn. Ìró kọ́kọ́, ẹja tẹ̀ lé e. Ó gbà wá ní ọjọ́ mẹ́sàn-án láti tún un ṣe.

Ti abọ́ oúnjẹ rọrùn jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti máa ń gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi kọ́ ọ pé oúnjẹ kì í ṣe tirẹ̀. Mo ní kí wọ́n má gbà á mọ́. Ẹni tó bá ń kọjá, kó ju nǹkan tó dùn ju ohun tó wà nínú abọ́ lọ sí i láti òkèèrè, kó sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. A tún kọ́ ọ láti fi imú ara rẹ̀ wọ ìdínu oníke, ohun tí a ń fi bo ẹnu ajá kó má baà gé èèyàn jẹ, irú èyí tó lè fi mu omi tó sì lè mí dáadáa nínú rẹ̀. Ẹja ló wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a kò sì dè é títí di ọjọ́ kẹwàá.

Ọjọ́ Ìtúnnu Àwẹ̀, 10 oṣù kẹrin, àlejò kún ilé. Bàbá ọmọ fẹ́ fi hàn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ajá ti yí padà. Ìdùnnú ló mú un ṣe é. Ó kó wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ gba inú wáyà. Ṣọ́lé yíjú, ó lá ètè, ó le gbagidi, kò sí ẹni tó rí i. Ló bá gé afẹ́fẹ́ jẹ níwájú ìka ọkùnrin náà. Kò kàn án. Ṣùgbọ́n ojú ti bàbá ọmọ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, igi tó wà nítòsí ló fà, ó sì nà án lẹ́ẹ̀kan gba ojú ìlẹ̀kùn kéèjì.

Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí lórí fóònù. "Mo ti ba iṣẹ́ yín jẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ gbé oúnjẹ fún un lẹ́yìn ìyẹn, ó tọ̀ sára." Mo ní kó má gbé oúnjẹ fún un fún ọjọ́ mẹ́ta, kí Alhaja máa ṣe é. Kí ó kàn máa wá jókòó ní ìgbésẹ̀ 15 láràárọ̀, kó kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, kó ju ẹsẹ̀ adìẹ kan, kó dìde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, òjò tàbí ẹ̀rùn. Mo ti bá ọ̀pọ̀ onílé ṣiṣẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló lè ṣe ìyẹn. Ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ kẹta pé, ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé: "Dádì sọ pankẹ́rẹ́ sínú iná tí Màmá àgbà fi ń se ẹ̀wà."

Ọ̀rọ̀ Ojúde Ọba ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe é, ọdún náà sì bọ́ sí 18 oṣù kẹfà. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Òde mọ bó ṣe máa ń rí: àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, nínú aṣọ ẹgbẹ́, àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin, ìbọn ṣakabùlà tó ń dún lọ́tùn-ún lósì. Ìdílé yìí náà wà lára àwọn tó ń gẹṣin, kò sì sí bí ilé wọn yóò ṣe dákẹ́. Láti ìparí oṣù kẹrin, a ti gba ìró ìbọn sórí fóònù. A ń fi dún nígbà tí Ṣọ́lé bá ń jẹun, ó rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èmi fúnra mi fi ní láti dẹtí, a sì ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Nítorí pé ajá kò lè wọ inú ilé, Alhaja ní kí a kó àpò gàrí kúrò nínú yàrá ìkẹ́rùsí lẹ́yìn. A tẹ́ fóòmù àtijọ́ síbẹ̀, a fi aṣọ nípọn dí fèrèsé, a gbé rédíò sí i, ó sì ti ń sùn níbẹ̀ lọ́sàn-án fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà. Dókítà fún wa ní oògùn tó wọn gẹ́gẹ́ bí kílò rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fún ajá ní oògùn oorun tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò.

Èmi ni mo jókòó tì í lọ́jọ́ náà. Ó gbọ̀n. Nígbà tí ìbọn pọ̀ jù ní ọ̀sán, ó wá fi ẹ̀gbẹ́ ti ẹsẹ̀ mi, mo sì gbé ọwọ́ lé e léjìká. Àwọn kan ń sọ pé bí a bá rẹ ajá tí ẹ̀rù ń bà lẹ́kún, a ti sọ ẹ̀rù rẹ̀ di púpọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtùnú kì í bí ẹ̀rù. Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, ó mu omi, ó jẹ ẹ̀dọ̀ díẹ̀, ó dùbúlẹ̀. Bàbá ọmọ dé pẹ̀lú ẹ̀wù ńlá lọ́rùn. Kò lọ jẹun. Ó wá dúró lójú ọ̀nà yàrá náà, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí i bí mo ṣe kọ́ ọ, ó rọra béèrè pé, "Ṣé ó jẹun?"

N kò ní fi ohun tí kò sí kún un. Ṣọ́lé kò di ajá tí ọmọdé lè gbá mọ́ra. Ìdínu wà lẹ́nu rẹ̀ bí àlejò bá wọ ẹ̀yìnkùlé, ọmọdé kankan kì í dá wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí yóò ṣe máa wà nìyẹn títí ayé rẹ̀, ìdílé náà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni àlejò lè sún mọ́ kéèjì báyìí kí ó tó kúrò nídìí oúnjẹ.

Ní àárín oṣù kẹjọ, agogo méje àárọ̀, Alhaja pè mí. Wọn kò tilẹ̀ kí mi. Àyà mi já, mo rò pé ó tún ti gé ẹnì kan jẹ. "Ọmọ mi, ó kùn o!" Ọmọ-ọmọ wọn ló gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé, ó gbàgbé pé ajá ń jẹun, ó sì fi kẹ̀kẹ́ kan wáyà. Ṣọ́lé gbé ojú sókè, ó kùn, ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, gbogbo ilé gbọ́ ọ. Bàbá ọmọ wà lójú ọ̀nà. Ó ní, "Dúró. Rọra padà sẹ́yìn." Ọmọ náà padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Ajá dákẹ́, ó sì padà sídìí abọ́ rẹ̀.

Mo béèrè ohun tí bàbá ọmọ ṣe lẹ́yìn náà. Alhaja ní, "Ẹsẹ̀ adìẹ ló wá lọ."